Ṣé ife 24 ti Djokovic ju ife 5 ti Lin Dan lọ? Ìdáhùn sí òǹkàwé kan

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bádímíntọ̀n. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ní nínú gbogbo ọkùnrin tó ń fi ráákẹ́ẹ̀tì jẹun, kò sí èyí tó tó Novak Djokovic tó ń gbá tẹ́níìsì, nítorí Grand Slam 24 ló gbà. Èmi ní Lin Dan tó ń gbá bádímíntọ̀n ni, nítorí òun ló gba ohun tí wọ́n ń pè ní Super Grand Slam. Ẹ̀gbọ́n mi bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó gba ife àgbáyé márùn-ún péré, ṣé òun ni mo fẹ́ fi wé ẹni tó gba 24? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò sì rí èsì fọ̀. Ó tún ní Lee Chong Wei, eléré bádímíntọ̀n mìíràn tí mo fẹ́ràn, kì í ṣe nǹkan kan, pé ọ̀sẹ̀ 349 ló fi wà nípò kìíní láìgba ife àgbáyé rí, pé ipò irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?”

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, ohun tó ń dùn ọ́ sì yé mi. Iye ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́, ariwo kì í sì í borí iye. Àmọ́ iye kì í dá dúró. Bí ọdẹ méjì bá ti inú igbó dé, tí ọ̀kan gbé ẹran 24 bọ̀ tí èkejì gbé márùn-ún, ohun tí àgbà yóò kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ọjọ́ mélòó ni oníkálukú lò nínú igbó. Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀yin méjèèjì kò bi ara yín. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní tẹ́níìsì àti bádímíntọ̀n, mo sì ti jókòó sídìí ìlà gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú ìdíje eré méjèèjì. Kò sí iyàn tí mo ń gbọ́ lẹ́yìn eré tó èyí, ibì kan náà ló sì máa ń wọ́ sí: wọ́n á ka ife, wọn ò ní ka iye ìgbà tí wọ́n gbé ife náà kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ Grand Slam fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ti ṣi ara yín gbọ́. Nínú tẹ́níìsì, ìdíje ńlá mẹ́rin ló wà lọ́dún: ti Ọsirélíà ní Melbourne, Roland Garros ní Paris, Wimbledon ní London, àti US Open ní New York. Lóde òní, Grand Slam ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ sì kà dé 24. Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ohun tó túmọ̀ sí ni kí ẹnìkan gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọdún kan ṣoṣo. Ọkùnrin méjì péré ló ti ṣe é nínú ìdíje àdágbá: Don Budge ní 1938, àti Rod Laver tó ṣe é ní 1962 tó tún un ṣe ní 1969. Djokovic alára kò ṣe é rí. Ó sún mọ́ ọn ní 2021, ó gba mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dé àṣekágbá New York, Daniil Medvedev sì lù ú ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, 6-4, 6-4, 6-4. Kí ó tó di pé wọ́n gbá géèmù tó kẹ́yìn, ó jókòó, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹkún ló ń sun. Mo ti rí eléré tó sunkún lẹ́yìn ìjákulẹ̀ láìmọye ìgbà, àmọ́ èyí tó sunkún nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́ ṣọ̀wọ́n lójú mi. Ìyẹn jẹ́ kó yé mi bí ohun tó ń lé ti wúwo tó.

Super Grand Slam tí ìwọ mú wá ní tìrẹ, oríṣi ohun mìíràn ni. Ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ó sì lè gba gbogbo ayé eléré kí ó tó kó wọn tán. Òlíńpíìkì wà níbẹ̀, ìdíje àgbáyé wà níbẹ̀, World Cup, All England, Eré Éṣíà, ìdíje àwọn akọni Éṣíà, àti àṣekágbá Super Series. Méjì tó kù, Thomas Cup àti Sudirman Cup, ti ẹgbẹ́ ni wọ́n, gbogbo ikọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń gbà wọ́n pọ̀. Lin Dan parí àkójọ yìí ní 2011 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 28, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fi í ta ko Grand Slam ti Djokovic, orúkọ ló jọra, ohun tí wọ́n ń wọ̀n kò jọra rárá. Fi í sílẹ̀. O ní ohun tó lágbára jù ú lọ lọ́wọ́.

Ohun náà nìyí. Ọdún 1977 ni ìdíje àgbáyé bádímíntọ̀n bẹ̀rẹ̀, ní Malmö ní orílẹ̀-èdè Sweden, Flemming Delfs ti Dẹ́ńmáàkì ló sì kọ́kọ́ gbà á. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá di ọdún méjì-méjì, ẹ̀yìn 2005 ló tó di ọdọọdún, síbẹ̀ wọn kì í sábà ṣe é ní ọdún Òlíńpíìkì. Bí o bá kà á láti 1977 títí di 2025, ìgbà 29 péré ni wọ́n ti ṣe é. Láàárín àkókò kan náà, àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin ti tẹ́níìsì ti wáyé ju ìgbà 190 lọ. Ṣé o ti ń rí i? Ẹni tó ń gbá tẹ́níìsì ní ilẹ̀kùn mẹ́rin láti kàn lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbá bádímíntọ̀n ní ẹyọ kan, ìdíje àgbáyé lọ́dún yìí, Òlíńpíìkì ní ọdún tó bá bọ́ sí i.

Wá wo Lin Dan láti 2006 sí 2013. Ní ọdún mẹ́jọ yẹn, ìdíje àgbáyé wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́fà: 2006, 2007, 2009, 2010, 2011 àti 2013. Òlíńpíìkì wáyé lẹ́ẹ̀mejì, 2008 ní Beijing àti 2012 ní London. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ lápapọ̀. Lin Dan wọ méje. Ọdún 2010 nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Chen Jin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Ṣáínà ló gbà á lọ́dún yẹn. Méje nínú mẹ́jọ! Nínú tẹ́níìsì òde òní, ìgbà tí mo máa ń fi wé e ni ti Roger Federer láti 2004 sí 2007, nígbà tó gba 11 nínú ìdíje ńlá 16. Ohun àrà ni ti Federer náà, kò sì sí ẹni tó ń wo tẹ́níìsì nígbà náà tó lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n 11 nínú 16 kò tó méje nínú mẹ́jọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá tún sọ “márùn-ún péré,” ìṣirò yìí ni kí o kà fún un.

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí náà mo ní láti sọ ibi tí ìṣirò mi náà ti tẹ̀. Èmi ni mo yan ọdún 2006 sí 2013. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ láti 2004, màá ka Òlíńpíìkì Athens mọ́ ọn, níbi tí Lin Dan ti lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí gbogbo ayé ń retí, tí Ronald Susilo ti Singapore sì lé e sílé ní ìpele àkọ́kọ́. Ká ní mo nà án kọjá 2013, wàá rí i pé kò gba ife àgbáyé kankan mọ́. Ó dé àṣekágbá ní 2017, Viktor Axelsen sì nà án. Bákan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi nǹkan sílẹ̀ nínú ìṣirò tirẹ̀. Wúrà Òlíńpíìkì tí Djokovic gbà ní Paris ní 2024 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 37, lẹ́yìn tó lu Carlos Alcaraz 7-6, 7-6, kò sí nínú 24 yẹn. Wúrà méjì Lin Dan kò sí nínú márùn-ún, ife All England mẹ́fà rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ìdíje àtayébáyé ni All England, láti 1899 ni wọ́n ti ń gbá a, kí ìdíje àgbáyé tó dé sì ni àwọn àgbà ti ń pe ẹni tó bá gbà á ní ọ̀gá ayé. Àpò kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ tú nínú ẹrù Lin Dan tó fi pè é ní gbogbo ẹrù.

O lè wá bi mí pé kí ló dé tí ọkùnrin mẹ́ta fi pín ife tẹ́níìsì láàárín ara wọn fún ogún ọdún báyìí: Djokovic 24, Rafael Nadal 22, Federer 20, tí irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ nínú bádímíntọ̀n. Iye ìdíje kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka àmì ló tóbi jù níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù bí mo bá ń kọ́ ọmọ. Ní ìdíje ńlá tẹ́níìsì, àwọn ọkùnrin ń gbá sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba mẹ́ta ló borí. Bí eré bá ṣe gùn tó ni ẹni tó dára jù ṣe ń ráyè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ó lè sùn gbàgbé nínú sẹ́ẹ̀tì kan, kódà méjì, kó tó jí. Ní 2025, nínú àṣekágbá Roland Garros, Jannik Sinner gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Alcaraz, ó sì ku àmì kan ṣoṣo kí ó gba ife, ìgbà mẹ́ta ló sì débẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 29, Alcaraz ló gbé ife lọ sílé.

Àmì tẹ́níìsì náà kì í sì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Wo àṣekágbá Wimbledon 2019. Federer gba àmì 218, Djokovic gba 204, Djokovic ló sì borí. Ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, Federer wà níwájú 8-7, òun ló ń sáàfù, ìyẹn ni pé òun ló ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, 40-15, àmì méjì ló sì ní lọ́wọ́ láti fi gba ife. Ó gbá àkọ́kọ́ jáde. Ní ìkejì, ó gbá bọ́ọ̀lù kó tó gòkè wá sídìí àwọ̀n, Djokovic sì ju bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí igun òdìkejì. Gbogbo èèyàn dìde, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo máa ń fi ibẹ̀ han àwọn ọmọ mi, kì í ṣe kí wọ́n lè rí ẹwà bọ́ọ̀lù yẹn, bí kò ṣe kí wọ́n rí ojú Djokovic lẹ́yìn rẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn yíjú padà lọ sí àyè rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé àmì kan ò jọ àmì kejì ni: àwọn àmì tó wúwo ni ó fi agbára pa mọ́ fún, ó sì gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ní táíbírékì nínú, ìyẹn géèmù tí wọ́n fi ń parí sẹ́ẹ̀tì tó bá dọ́gba, lọ́wọ́ Federer lọ́jọ́ yẹn.

Bádímíntọ̀n kò fún ni nírú ààyè bẹ́ẹ̀. Láti 2006, géèmù mẹ́ta ni, àmì 21 ló sábà ń parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì gba méjì ló borí. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kanlẹ̀, ẹnìkan gba àmì, bóyá ìwọ lo sáàfù tàbí ẹnìkejì. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó ń sáàfù nìkan ló lè gba àmì, àmì 15 ló sì ń parí géèmù, nítorí náà ẹni tó ti jìnnà sẹ́yìn lè rọra dá eré dúró láìjẹ́ pé àmì ń lọ. Òde òní, bí ọkàn rẹ bá ṣáko fún ìṣẹ́jú méjì, géèmù ti lọ. Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́, tó wà níwájú 19-14 nínú géèmù kẹta. Ó yíjú wo ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Mo rí i, mo pariwo, ó ti pẹ́ jù. Àmì méje ni ẹnìkejì gbá tẹ̀lé ara wọn, 21-19, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú tẹ́níìsì, ọmọ yẹn ì bá kàn pàdánù géèmù kan tàbí méjì, kó mu omi, kó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú bádímíntọ̀n, ìdíje rẹ̀ parí síbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ náà tún wà níbẹ̀, èyí tí àwa tó ń gbá a ń pè ní ṣọ́tù. Ìyẹ́ 16 ni wọ́n gún sára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tó gíráàmù 56 ó kéré tán. Ohun tó fúyẹ́ báyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ amútùtù gbọ̀ngàn tó láti tì í kúrò lójú ọ̀nà. Mo ti jókòó sídìí ìlà ẹ̀yìn, mo sì ti rí ṣọ́tù tó ń bọ̀ wá sínú pápá tó yí ara rẹ̀ padà bí ẹni tí wọ́n pè, tó sì balẹ̀ síta ní ìwọ̀n ìka kan. Nítorí èyí ni àwọn akọni bádímíntọ̀n fi máa ń jábọ́ ní ìpele àkọ́kọ́ ju bí àwọn ti tẹ́níìsì ṣe ń jábọ́ lọ. Tẹ́níìsì tún ṣe ohun kan láti ọdún 2001 tó dáàbò bo àwọn ọ̀gá: dípò eléré 16 tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà tètè pàdé ara wọn, wọ́n sọ ọ́ di 32. Ẹni tó wà nípò kìíní kò lè pàdé ẹnikẹ́ni nínú 32 yẹn títí di ìpele kẹta. Ní ọdún kan náà ni Wimbledon pààrọ̀ koríko rẹ̀ sí irú kan tó le jù, bọ́ọ̀lù wá ń ta sókè dáadáa, ẹni tó mọ eré ẹ̀yìn ìlà wá lè gba ife níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ọba koríko kì í sábà jẹ ọba lórí amọ̀. Pete Sampras gba Wimbledon lẹ́ẹ̀meje láìgba Roland Garros, tí wọ́n ń gbá lórí amọ̀, rí.

Ara náà ń sọ tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣì lágbára, mo máa ń gbá eré méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́níìsì á fi èjìká àti ẹ̀yìn hàn mí. Bádímíntọ̀n á fi orúnkún àti gìgísẹ̀ hàn mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò ní lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Fífò, títẹ̀ síwájú, yíyí padà, gbogbo rẹ̀ nínú pápá tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 13.4 lọ. Djokovic gba ife rẹ̀ kẹrìnlélógún ní ẹni ọdún 36. Ken Rosewall gba ti Ọsirélíà ní 1972 ní ẹni ọdún 37. Lin Dan gbá eré títí dé ọdún 36 kó tó fẹ̀yìn tì ní 2020, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 29 ló wà nígbà tó gba ife àgbáyé rẹ̀ ìkẹyìn. Èyí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè nínú bádímíntọ̀n kò pọ̀. Wo Kento Momota ti Japáànì: ó gba ife 11 nínú ọdún 2019 nìkan, kò sí ọkùnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje àdágbá. Ní oṣù kìíní 2020, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Màléṣíà, ojú rẹ̀ fara pa, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́.

Wàyí o, Lee Chong Wei. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọkàn mi, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé ipò kìíní àti ife àgbáyé jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti mọ ipò, wọ́n ń wo ìdíje tí èèyàn gbá láàárín ọ̀sẹ̀ 52, wọ́n á sì ro mẹ́wàá tó dára jù nínú wọn pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe dáadáa láti oṣù dé oṣù, láti ìlú dé ìlú, ni ipò ń gbé sókè. Ìdíje àgbáyé ń wọn ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Lee Chong Wei ni ọkùnrin oṣù dé oṣù. Ọ̀sẹ̀ 349 lápapọ̀, 199 nínú rẹ̀ ló tẹ̀ lé ara wọn láìjá, láti 2008 sí 2012. Ó gba All England lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí irọ́ kankan nínú ìyẹn. Tẹ́níìsì pàápàá ní irú rẹ̀: Marcelo Ríos ti Chile dé ipò kìíní ní 1998, kò sì gba ìdíje ńlá kankan títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lee ni pé ọ̀sẹ̀ tí ayé ń wò ni Lin Dan máa ń dé. Fàdákà mẹ́fà ló kó jọ, mẹ́ta ní Òlíńpíìkì, mẹ́ta ní ìdíje àgbáyé. Nínú àṣekágbá mẹ́fà yẹn, Lin Dan ló nà án nínú mẹ́rin, Chen Long nínú méjì. Beijing 2008 kò tiẹ̀ jọ ìjà, 21-12, 21-8. Àmọ́ wo àṣekágbá àgbáyé 2011 ní Wembley: 20-22, 21-14, 23-21. Wo Òlíńpíìkì 2012, inú ilé kan náà: 15-21, 21-10, 21-19. Àmì méjì ní ìgbà àkọ́kọ́, àmì méjì ní ìgbà kejì. Ká ní àmì mẹ́rin péré gba ibòmíràn lọ, Lee ì bá jẹ́ ọ̀gá àgbáyé àti ọ̀gá Òlíńpíìkì, ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá sì máa pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Lóòótọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n pàdé, Lin Dan ló fi 28 borí, Lee ní 12, mi ò lè pa ìyẹn mọ́. Lin Dan dára jù ú lọ níwájú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ẹni tó dára jù lágbàáyé nìkan ló ń dí i lọ́nà, kò tọ́ ká pe onítọ̀hún ní ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan. Ní Rio 2016, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Lee lu Lin Dan, 15-21, 21-11, 22-20. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀wù. Ọjọ́ kejì, Chen Long tún gba wúrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o mú lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí òun náà á gbádùn rẹ̀. Kódà nínú tẹ́níìsì nìkan, 24 kì í ṣe ohun tí a lè fi wé ti àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. William Renshaw gba Wimbledon lẹ́ẹ̀meje láàárín 1881 àti 1889, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ẹni tó gba ife lọ́dún tó kọjá kì í gbá ju eré kan lọ láti dáàbò bo ife rẹ̀. Rod Laver ní ife 11 nínú àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn tó gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1962, ó lọ gbá eré fún owó, wọ́n sì tilẹ̀kùn àwọn ìdíje ńlá mọ́ ọn títí di 1968, nítorí àwọn tí kì í gbowó nìkan ni wọ́n ń gbà. Ìdíje ńlá tó lé ní ogún kọjá lójú rẹ̀ nígbà tó wà ní góńgó agbára. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ọdún kejì ló tún gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Rosewall tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 11 gbáko ló wà níta. Björn Borg gba 11, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì lọ sí Ọsirélíà láyé rẹ̀, nítorí pé nígbà náà ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá kì í ka ìdíje yẹn sí. Àní kíka ife yìí fúnra rẹ̀, àṣà tuntun ni. Roy Emerson ní 12 láti 1967, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀ àfi ìgbà tí Sampras ń lé e bá, tó sì kọjá rẹ̀ ní Wimbledon 2000.

Bádímíntọ̀n ní tirẹ̀ náà. Rudy Hartono ti Indonéṣíà gba All England lẹ́ẹ̀mẹjọ, méje tẹ̀ lé ara wọn láti 1968 sí 1974, ìkẹjọ ní 1976. Kò sí ọkùnrin mìíràn tó gba mẹ́jọ nínú àdágbá. Nígbà tí ìdíje àgbáyé fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti kọjá ìgbà agbára rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà á ní 1980 ní ẹni ọdún 30. Àmọ́ ká sọ gbogbo rẹ̀: Ṣáínà kò sí nínú ẹgbẹ́ àgbáyé nígbà yẹn, ọdún 1981 ni wọ́n wọlé. Tang Xianhu àti Hou Jiachang, tí àwọn tó rí wọn gbà pé wọ́n wà lára àwọn tó dára jù láyé, kò rí All England gbá ní ìgbà agbára wọn. Ta ni ì bá borí ká ní wọ́n pàdé Hartono níbẹ̀? Eré tí ẹnikẹ́ni kò gbá kò ní èsì.

O fẹ́ kí n dájọ́, màá sì sọ èrò ọkàn mi. Nínú tẹ́níìsì, ẹ̀gbọ́n rẹ jàre. Yàtọ̀ sí 24 yẹn, Djokovic ní ọ̀sẹ̀ 428 nípò kìíní, ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà tí Federer àti Nadal ṣì wà láyè eré ló sì ṣe é. Laver nìkan ni mo lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn ọdún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bádímíntọ̀n, ìwọ lo jàre. Axelsen ti bá Lin Dan dọ́gba ní Òlíńpíìkì, ó gba wúrà ní Tokyo àti Paris, ṣùgbọ́n ife àgbáyé rẹ̀ jẹ́ méjì, 2017 àti 2022, ti Lin Dan sì jẹ́ márùn-ún. Ta ló tóbi jù láàárín Djokovic àti Lin Dan? Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n mi dúró, mi ò sì gbà pé ẹlòmíràn ní èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan pẹ́ jù, ó sì kó jù. Ìkejì ní ọdún mẹ́jọ tí mi ò rí irú rẹ̀ nínú eré ráákẹ́ẹ̀tì kankan. Bí ẹnìkan bá yan Djokovic torí pípẹ́, mi ò ní bá a jà. Ní tèmi, bí ẹ bá ní kí n yan ẹni tí màá fi ránṣẹ́ láti lọ gba àmì kan ṣoṣo nígbà tí gbogbo nǹkan bá dúró lórí àmì yẹn, ọkàn mi máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ Lin Dan ní 21-21 ní Wembley, kó tó tún rántí ojú Djokovic ní 40-30, kó sì dúró síbẹ̀.

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ráyè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ wá àṣekágbá 2011 ti Lin Dan àti Lee, kí ẹ wá ti Wimbledon 2019, kí ẹ jọ wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ wo ti bádímíntọ̀n, kí ìwọ kọ́kọ́ wo ti tẹ́níìsì. Bá mi kí i o.